Búrẹ́dì Olóǹtẹ̀ Àkùkọ

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi ò fẹ́ kú bí ọlọ́ṣà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi, Carmosina, àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ìyá mi kì í ṣe èèyàn ńlá. Ọmọ alágbàro ni, darandaran ló sì fẹ́. Inú ihò àpáta la ń gbé bíi gbogbo tálákà ilẹ̀ Lukania, lápá gúúsù Róòmù, láyé ìgbà yẹn, nígbà tí ọba ṣì ń jẹ ní Róòmù: àwa ọmọ, ewúrẹ́ kan, àti adìẹ tó ń yé sábẹ́ ibùsùn. Ẹnu ìyá mi mú. Tí ẹ bá bi í pé ṣé dáadáa ni, á ní, "Ẹ lọ bi Don Liborio, òun ló ni dáadáa." Don Liborio ló ni oko àlìkámà, òun ló ni kànga, òun náà ló ni ààrò kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò ti ń yan búrẹ́dì. Ẹni tó bá mọ ààrò tirẹ̀, wọ́n á wá wó o.

Nítorí pé búrẹ́dì gbogbo ilé ló ń wọ ààrò kan náà, ilé kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ igi tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìyẹ̀fun tí wọ́n bá ti pò ó tán, kí ó tó lọ síná. Àkùkọ ni tiwa. Bàbá mi, Eustachio, ló gbẹ́ ẹ fún ìyá mi nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, àkùkọ náà wá dà bíi pẹ́pẹ́yẹ tí inú ń bí. Vitangela, ìyàwó alágogo ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí tiwa, kò jẹ́ ká gbádùn. "Carmosina, pẹ́pẹ́yẹ rẹ ti jinná o." Obìnrin yìí ló ń jẹ búrẹ́dì funfun jù lọ ní àdúgbò, àwa la sì ń jẹ dúdú jù lọ. Ó máa ń gbé tirẹ̀ kọjá níwájú ilé wa láìfi aṣọ bò ó.

Nígbà tí mo ṣì kéré, Don Liborio ní kí wọ́n sún òkúta ààlà, pápá ìjẹko tó jẹ́ ti gbogbo ìlú sì di tirẹ̀. Bàbá mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgùntàn, ó rí wọn. Nígbà tí ìlú gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, òun nìkan ló gbà láti jẹ́rìí. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, ọlọ́pàá ti wá mú bàbá mi, wọ́n ní ó jí àgùntàn. Títí dòní, mi ò mọ àgùntàn ta ni.

Gaudenzio, alábòójútó oko Don Liborio, wá bá ìyá mi nílé. Kò tilẹ̀ ṣí fìlà.

"Carmosina, lọ bá ọkọ rẹ lẹ́wọ̀n. Kó kàn sọ pé oòrùn ló wọ òun lójú, òun ò rí nǹkan kan. Á sùn sílé lọ́la."

"Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Òǹtẹ̀ rẹ ò ní wọ ààrò mọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sì fún ọ ní búrẹ́dì jẹ, tirẹ̀ náà ò ní wọ̀ ọ́."

Kò ṣàwàdà. Ẹnu ààrò ló ń dúró sí, ó ń yẹ òǹtẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi po ìyẹ̀fun, ó rì í sínú eérú gbígbóná. Ara rẹ̀ jóná, inú rẹ̀ ò jinná. A jẹ ẹ̀wà, a já ewé ìgbẹ́ sè. Àbúrò mi Donatuccio ń sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ebi nìkan. Lọ́dọ̀ tiwa, tábìlì tí kò bá sí búrẹ́dì lórí rẹ̀, bí ilé ọ̀fọ̀ ló ń rí. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń wolẹ̀. Inú bí mi sí wọn gan-an.

Nígbà tó yá, ìyá mi mú ìborùn dúdú rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ẹ̀wọ̀n. A mọ ohun tó ń lọ sọ. Bàbá mi ò ní gbà fún Gaudenzio láé, ṣùgbọ́n tí ìyá mi bá fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, á gbà. Pápá á lọ, bàbá mi ò sì ní lè gbójú sókè láwùjọ mọ́. Ìyá mi mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń so ìborùn náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Vitangela fi wọlé, láìkan ilẹ̀kùn.

"Carmosina, yá mi ní pẹ́pẹ́yẹ rẹ."

"Vitangela, jọ̀ọ́. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí."

"Ta ló ń ṣe yẹ̀yẹ́? Òǹtẹ̀ ni mo ní kí o gbé wá. Tú nǹkan orí rẹ yẹn, kó o lọ po ìyẹ̀fun. Àní, báwo lo ṣe ń po tìẹ? Ọkà báálì mélòó, ìyẹ̀fun ẹ̀wà mélòó?"

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣebí funfun lò ń jẹ."

"Obìnrin yìí, mo ní mélòó?"

Ó fi òǹtẹ̀ náà sábẹ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ó jáde. Láti ilé rẹ̀ ni òǹtẹ̀ ti bọ́ sí ilé kejì, láti ibẹ̀ dé òpin òpópó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin ru búrẹ́dì wọn lọ sí ààrò, tiwa ti dà pọ̀ mọ́ tiwọn, ìyá mi ń rìn láàrin wọn lọ́wọ́ òfo, èmi náà tẹ̀ lé e. Gaudenzio ṣí aṣọ orí ti àkọ́kọ́: àkùkọ. Ó ṣí èkejì: àkùkọ. Gbogbo rẹ̀ ni àkùkọ.

"Èwo ni ti Carmosina nínú ìwọ̀nyí?"

"Ọ̀gá, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́," ni Ìyá Menga wí, arúgbó tó ń tọ́jú ààrò. "Ẹ bá mi mú un."

Gaudenzio rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó dúró títí búrẹ́dì fi jinná, ó wá ń bù ú wò.

"Èyí tó bá dúdú jù, tirẹ̀ ni."

Èyí tó kọ́kọ́ bù dúdú. Èkejì dúdú. Ó gbé ti Vitangela, ó là á sí méjì: ó dúdú bíi tiwa gan-an.

"Vitangela, ìwọ náà?"

"Ọdún yìí le, ọ̀gá. Àwa náà ti di tálákà."

Gaudenzio ní òun á ti ààrò mọ́ gbogbo wọn.

"Ẹ tì í," ni Ìyá Menga dáhùn. "Ìkórè ti dé tán. Bóyá àlìkámà Don Liborio á máa kórè ara rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gaudenzio ju búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi mú èyí tó sún mọ́ ọn, a gbé e lọ sílé.

Mi ò ní tàn yín: ọ̀rọ̀ náà ò parí bíi ti àlọ́. Bàbá mi sọ ohun tó rí níwájú adájọ́, lọ́yà Don Liborio sì fi èdè Látìnì bò ó mọ́lẹ̀. Ìlú gba ìdajì pápá padà. Ìdajì tó kù lọ. Wọ́n ṣì ní bàbá mi jí àgùntàn, ó sì lo ìgbà òtútù lẹ́wọ̀n. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Gaudenzio ṣì ń wá búrẹ́dì tiwa lẹ́nu ààrò, òpópó wa sì ń jẹ búrẹ́dì dúdú. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo padà sí funfun, àwọn yòókù ì bá tẹ̀ lé e, tiwa ì bá sì hàn. Alágogo ń ráhùn pé inú ń run òun, àwọn ọmọ ń tu ú dà nù, síbẹ̀ kò sí ilé tó yẹsẹ̀. Àwọn tí mo bínú sí nìyẹn. Kí Ọlọ́run bá mi san oore náà fún wọn.

Ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni bàbá mi dé. Ó jókòó, ó gé búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́.

"Carmosina, èyí ò jọ ọwọ́ rẹ. Ta ló po èyí?"

"Mi ò mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọ lọ, a ò mọ búrẹ́dì ilé tí à ń jẹ mọ́."

Ìyá mi ròyìn fún un. Bàbá mi fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ olówó ni tálákà ń fi ẹnu kò. Bàbá mi ò kò ó rí, wọ́n sì ń pè é ní olóríkunkun nítorí rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn Vitangela. Vitangela ti gbọ́ pé ó dé, ó sì ti ń po ìyẹ̀fun funfun ní tirẹ̀. Bàbá mi ṣí fìlà, ó tẹrí ba, ó fi ẹnu ko ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Eustachio, gbé ẹnu kúrò, o ò rí i pé mo ń ṣiṣẹ́?" Ṣùgbọ́n Vitangela ò fa ọwọ́ náà sẹ́yìn.

Bàbá mi nu ojú ara rẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn kejì.