Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ Mi àti Ọ̀rẹ́ Bàbá Mi

Òkúta kékeré kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mò ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, mo kó pákó sẹ́yìn ọkọ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, típà kan sáré kọjá lára mi, òkúta kan já bọ́ látinú ẹrù rẹ̀, ó sì ba gíláàsì iwájú mi. Mo dúró, mo wò ó. Ojú ibi tó ti bà á kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo fi itọ́ nù ún bí ẹni pé egbò ni, mo bá wa ọkọ̀ mi lọ sílé ní Aramọkọ.

Káfíńtà ni mí. Tíṣà ni bàbá mi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí wọ́n fi di dókítà, tí wọ́n di lọ́yà. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ gan-an, kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni ìwé ti sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá kò bá mi jà lórí ẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé ẹni tó bá kọ́ ọmọ aráyé tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí Ọlọ́run fi ẹnì kan sílẹ̀ fún un tí yóò máa bá a kan àga.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹsẹ̀ Bàbá kí ọ̀rọ̀ gíláàsì tó lè yé yín. Láti ìgbà tó ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún òsì rẹ̀ kò ká mọ́. Takisí àárín ìlú, èèyàn méjì ni wọ́n ń kì mọ́ iwájú, kò lè wọ̀ ọ́. Ti ọ̀kadà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́. Ọkọ̀ mi nìkan ló gbà á, torí mo gbé àga iwájú rẹ̀ lọ fún wẹ́dà, ó bá mi tì í sẹ́yìn débi pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á na ẹsẹ̀ bí ọba. Bí ọkọ̀ mi ò bá ti lọ, Bàbá ò lọ nìyẹn.

Ibì kan ṣoṣo ló sì fẹ́ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí ń ṣàìsàn. Àwọn méjèèjì jọ ṣe tíṣà ní Ìjerò nígbà ọ̀dọ́ wọn, yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé, ìkòkò kan ni wọ́n jọ fi ń se ọbẹ̀. "Èkejì mi" ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹni tí ìkọ̀wé rẹ̀ dáa jù lójú pátákó láyé ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ọjọ́ kan ló sọ fún Bàbá pé kó wá wo òun kí òun tó lọ. Bàbá gbé fóònù kalẹ̀, ó ní kí n gbé òun lọ ní Sátidé.

Mo bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ onígíláàsì tó wà lójú ọ̀nà Ìjerò, ọmọ Ọ̀ṣun tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó wò ó, ó ní èyí ṣì ṣeé tún ṣe. Ó ní gúlù kan wà tó dà bí omi, ó máa wọ inú ojú òkúta yẹn lọ, á sì dì mọ́ ọn. Gúlù náà ló tán lọ́wọ́ òun, òun máa rà á bọ̀ láti Adó. Ó ní kí n ṣọ́ra kí oru àti òtútù má pàdé lára gíláàsì náà, torí bó bá ti sán dé etí, àtúnṣe ti tán, ká pààrọ̀ ẹ̀ ló kù. Mo ní mo gbọ́. Bí ẹ bá rí i tí mo ní mo gbọ́, ẹ tún un sọ.

Ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú, kùrukùru bo gbogbo ìlú, ìrì bo gíláàsì mi. Ìyàwó mi ti gbé omi ìwẹ̀ Bàbá kaná. Mo rò ó pé ta ló fẹ́ máa nu ìrì. Mo bu omi gbígbóná náà, mo dà á lé e. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ìlà kan sá kúrò lójú òkúta, ó sáré dé etí, ó tún yà.

Ìyàwó mi gba korobá lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, omi ìwẹ̀ Bàbá lẹ wá fi ba ọkọ̀ jẹ́ báyìí?"

Mo gbé gúlù pákó àti sẹ́lótéèpù mi, mo padà lọ bá onígíláàsì. Mo ní kó jẹ́ ká lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ká ṣáà dé Òkè-Ìmẹ̀sí. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ̀yin lẹ máa wa ọkọ̀. Àmọ́ Bàbá ló máa jókòó síwájú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn parí ẹjọ́. A gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, gíláàsì tòkunbọ̀ á wá láti Ìbàdàn. Sátidé kọjá, kò dé. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró sábẹ́ fèrèsé Bàbá, màá pe onígíláàsì, màá sì bú u dáadáa, kí Bàbá lè gbọ́ pé mò ń gbìyànjú. Mo ní ìgbín tó bá ń wọ́ bọ̀ láti Ìbàdàn á ti dé. Mo ní bóyá inú ìyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ṣì ti ń wa gíláàsì náà.

Ní ọjọ́ Ajé, fóònù mi dún. Ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá wa ti sùn o. Ẹ má tíì sọ fún Bàbá yín."

Kò ní láti kìlọ̀ fún mi. Lọ́dọ̀ wa, a kì í kàn já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu àgbàlagbà. Mo mọ ìyá kan ní Ẹ̀fọ̀n tó ń ránṣẹ́ kí àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ìyẹn tipẹ́, wọ́n sì ń bá a mú èsì bọ̀. Mo pe àbúrò Bàbá obìnrin ní Ìjerò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ò gba irú ẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ títí wọn á fi sìnkú tán, òun á wá jókòó tì í, a ó wá túfọ̀ rẹ̀ fún un. Mo béèrè ohun tí mo máa sọ fún un títí dìgbà náà. Ó ní, "Ṣé o ò ní gíláàsì ọkọ̀ tó fọ́ ni?"

Ọjọ́ yẹn gan-an ni gíláàsì dé. Mo lọ wò ó. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n gbé e ti ògiri, ó mọ́ bí omi odò. Mo ní kí onígíláàsì bá mi gbé e pamọ́. Ó wò mí títí. Gbogbo èébú tí mo ti bú u, ó dájú pé ó ń rò ó pé orí mi ti dàrú.

Láràárọ̀, Bàbá á béèrè gíláàsì. Màá ní kò tíì dé. Nígbà tó yá, mo ní ó dé ṣùgbọ́n kò ṣe rẹ́gí. Mo tún ní rọ́bà etí rẹ̀ ló kù. Èmi tí mo gba òdo nínú àròkọ nílé ìwé, àròkọ ni mò ń kọ lójoojúmọ́ fún tíṣà. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, fóònù ò lọ. Mo ní òkè wọ̀nyẹn ni kò jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó pè mí jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì tí mo fọwọ́ ara mi kàn, tó ń mì.

Ó ní, "O kì í bú onígíláàsì yẹn mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mú kó má baà mì.

"Nígbà tí gíláàsì ò tíì dé lóòótọ́, abẹ́ fèrèsé mi lo ti máa ń bú u. O wá di onísùúrù lójijì. Ọjọ́ Àìkú kọjá, fóònù mi ò dún." Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ tí kò ká. "Èkejì mi ti lọ, àbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé a fi pa mọ́ fún un.

Ó ní, "Èmi náà ń bá yín fi pa mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí gíláàsì ò tíì dé, mo ṣì ń lọ kí i."

Kò sunkún lójú mi. Ó ní kí n lọ fi gíláàsì náà sí i.

Nígbà tí a lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, wọ́n ti sin ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá wọ aṣọ funfun, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú bí a ṣe ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Típà kan tún ń lọ níwájú wa, ó kó òkúta kún ẹ̀yìn. Mo rọra, mo jẹ́ kó jìnnà dáadáa. Bàbá ń wo ọ̀nà láti inú gíláàsì tuntun náà.

Ó ní, "Yára díẹ̀. A ti pẹ́."