Ohun Tí Gẹ́lẹ́ Rí Nínú Ìpè Bàbá Kan

Gẹ́lẹ́ la máa ń pè é níbi iṣẹ́ wa, orúkọ náà sì bá a mu. Bí o bá ní "nǹkan bí aago mẹ́wàá," á ní, "Ó lu mẹ́wàá gẹ́lẹ́ ni, àbí kò tíì lù?" Ó máa ń bí mi nínú. Ó pẹ́ tí a ti jọ wà nínú yàrá kan náà, èmi nídìí tẹlifóònù, òun ní igun, kò sì sí ọjọ́ tí n kì í bá a jà lórí ọ̀rọ̀ tíntìntín.

Iṣẹ́ wa ni láti gba ìpè àwọn tí àìsàn tàbí jàǹbá dé bá, kí a sì rán ọkọ̀ aláìsàn sí wọn. Ohun tí olùpè bá ń sọ là ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Tẹ́lẹ̀, kálukú ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ú: ọ̀kan á kọ "arúgbó, àyà," òmíràn á kọ "ó kàn ń pariwo ni." Gẹ́lẹ́ ló fòpin sí i. Òun ló lẹ ìwé mọ́ ògiri lókè orí wa: Ẹ kọ ohun tí ó sọ. Ẹ má fi ohunkóhun kún un.

Ìdí ni pé òun ni wọ́n máa ń wá bá bí wọ́n bá ń wá ìpè àtijọ́. Gẹ́lẹ́ kì í lo nǹkan alámèremère kankan. Á ṣí ojú dúdú kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ àfi ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú, á tẹ grep, àṣẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, á fi -F tì í, ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ náà bí òun ṣe kọ ọ́ gan-an, kó má gbọ́n ju òun lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà nínú fáìlì, ìlà tó wà á jáde. Bí kò bá sí, kọ̀ǹpútà á dákẹ́. "Kì í purọ́, kì í sì í ṣàánú ẹni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin alágbàfọ̀ kan wọlé, ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú. Òun ló ra fóònù fún bàbá náà nígbà tí iṣẹ́ gbé e kúrò nílé, ó sì kọ́ ọ ní nọ́ńbà wa títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Aládùúgbò ló bá bàbá lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀mí ti bọ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Fóònù ti pòórá láàárín èrò, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà olùpè kì í wọ inú fáìlì wa, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní bàbá ò pe ẹnì kankan," ó wí. "Wọ́n ní mo fi fóònù dípò ara mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá mi pè yín ni."

Gẹ́lẹ́ mú fáìlì ọjọ́ náà, ìlà inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ó wá orúkọ bàbá. Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Ó wá orúkọ àdúgbò. Kọ̀ǹpútà tún dákẹ́. Ó wá "àyà ń dùn mí," èèyàn jáde, ṣùgbọ́n kò sí bàbá nínú wọn. Omi lé ròrò sójú obìnrin náà. Mo fẹ́ sọ fún un pé bàbá kò pè, kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n Gẹ́lẹ́ gbọ́wọ́ sókè sí mi.

"Ọ̀rọ̀ tiwa là ń wá láti àárọ̀," ó wí. "Àbúrò, bí ara bàbá ò bá yá, kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Bàbá mi? Wọn kì í gbà pé ara àwọn ò yá. Mẹkáníìkì ni wọ́n. Wọ́n á ní, 'Ẹ́ńjìnnì ò fẹ́ dáhùn lónìí.'"

Gẹ́lẹ́ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo jáde, ó sì kà á sókè: "Ẹ́ńjìnnì ò fẹ́ dáhùn lónìí o, ọmọ mi. Ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì nilé mi. Ẹ má fọ́ ilẹ̀kùn, mo ti ṣí i sílẹ̀, mo jókòó tì í. Ọmọ mi obìnrin ló kùn ún."

Ó lè dúró níbẹ̀, torí ìlà tí a bá wá nìkan ni grep ń mú wá. Èmi ì bá dúró. Ṣùgbọ́n ó tún àṣẹ náà kọ, ó ní kó mú ìlà tó tẹ̀ lé e wá. Awakọ̀ ọkọ̀ aláìsàn ló ni ín, abẹ́ ìpè la máa ń tẹ èsì wọn sí: "Mo dé ilé búrẹ́dì tó wà lójú títì. Kò sí ilẹ̀kùn tó ṣí. Mo ti padà."

"Ilé búrẹ́dì tiwa ti kógbá sílé tipẹ́," obìnrin náà wí. "Bẹ́ẹ̀ náà la ṣì ń pe ibẹ̀."

Ojú Gẹ́lẹ́ lọ sí ògiri, tèmi náà tẹ̀ lé e. Ẹni tó gba ìpè náà kò béèrè ilé búrẹ́dì wo. Kò fi ohunkóhun kún un. Àánú Gẹ́lẹ́ ṣe mí débi pé n kò lè wò ó lójú.

"Bàbá yín pè," ó wí. "Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí ẹ kọ́ wọn. Àwa la ò débẹ̀. Òfin tí mo ṣe ló fà á."

Obìnrin náà sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ bá mi ka ti ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, sà."

Gẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, obìnrin náà bá a sọ èyí tó kù: "Ọmọ mi obìnrin ló kùn ún." Ó gba ìwé tí a tẹ̀ ẹ́ sí, ó ní òun máa fi han ẹ̀gbọ́n òun, ó lọ.

Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Gẹ́lẹ́ fa àga sídìí ògiri, ó gun orí rẹ̀, ó fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ òfin rẹ̀: Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè. Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀, mo di àga náà mú fún un.