Omi Ọwọ́ Àna Mi

Láti ìgbà ìjà etí odò wa, tí àwọn kan fi májèlé sínú omi mímu, ni bàbá ìyàwó mi kì í ti í gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìwí pé, "Ìwọ kọ́kọ́ mu ún." Kò yọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tó gba ife lọ́wọ́ àjèjì ní èbúté, tó sì gbé e mu láìbéèrè, ẹ̀rù bà wá. A fi ọkọ̀ gbé e dé Igbókòdá, a gba ibẹ̀ lọ sí ọsibítù ńlá. Dókítà ní jẹjẹrẹ pírósítéètì tí kò wọ́pọ̀ ló ń sé omi mọ́ ọn lára, tí iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi lọ sílẹ̀, tí iyè rẹ̀ fi rá. Wọ́n dín omi rẹ̀ kù, wọ́n fún un lóògùn jẹjẹrẹ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo gbé omi díẹ̀ fún un. Ó wò mí títí.

"Ìwọ kọ́kọ́ mu ún."

Ìyá ìyàwó mi bú sẹ́kún ayọ̀: "Ọkọ mi ti dé!"