Káńtà Tẹ̀rásò Bàbá Ìyábọ̀

George Adékọ̀yà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ọdún mẹ́tàlélógún se oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road nílùú Kano. Ìdúró ló fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, nídìí káńtà onírin tó ga dé ìbàdí rẹ̀. Bó bá délé ní Sabon Gari, á ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kì í yọjú sí ilé ìdáná. Matilda ìyàwó rẹ̀ ló ń dáná níbẹ̀. Nígbà tí Matilda kú lọ́dún 1978, ọkọ rẹ̀ kò mọ ibi tó ń kó iyọ̀ sí. Bushrat, ayálégbé rẹ̀ kan, ló wá fi hàn án.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó fẹ̀yìn tì. Àwọn ayálégbé á kí i láàárọ̀, "Ina kwana, Bàbá," kálukú á sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, rédíò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 1982, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ Ìyábọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó wà ní Kàdúná pẹ̀lú Ọláńrewájú ọkọ rẹ̀. Sójà ni ọkọ náà, wọ́n sì ti gbé e wá sí Kano. "Bàámi, a máa wá bá yín gbé," ni Ìyábọ̀dé kọ. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún kíṣìnì Màámi ṣe, kí n rí ibi gé ẹ̀fọ́, kí àwọn ọmọ náà sì rí ibi jókòó jẹun lọ́dọ̀ mi."

Bàbá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí Fagge, ó lọ pe Yàhàyá, ọmọ Ọ̀fà kan tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà.

Yàhàyá wo ilé ìdáná náà yíká. "Kí lẹ fẹ́ ká fi ṣe ojú káńtà yìí, Bàbá Ìyábọ̀?"

"Mo rò ó sí pákó. Mo tún rò ó sí fọmáíkà, irú èyí tó ń dán yẹn."

"Pákó á mu omi, á wú, ikán á sì rí ilé kọ́. Fọmáíkà dára lójú, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò gbígbóná lé e, á lé ròrò bí ara tí iná jó. Sìmẹ́ǹtì lásán, epo pupa ni yóò máa fà mu."

"Irin ńkọ́, bíi ti hòtẹ́ẹ̀lì wa?"

"Nínú ilé tọ́mọdé wà? Ariwo ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn. Ẹ jẹ́ ká da tẹ̀rásò. Kò bẹ̀rù iná, kò bẹ̀rù omi. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lójú rẹ̀, torí á jẹ ẹ́. Ẹ̀yin mélòó lẹ máa lò ó?"

"Àwa márùn-ún," ni Bàbá wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀, ó tún un sọ: "Àwa márùn-ún."

"Kó ga tó ibo?"

Bàbá nàró ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí ara rẹ̀. "Ibí yìí."

Yàhàyá fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹsẹ̀ káńtà, ó po òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Nígbà tó le tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi àti òkúta tó ń mú nǹkan dán ha ojú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, tó ń bá a tàkúrọ̀sọ. Lọ́jọ́ tí Yàhàyá ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, Bàbá fọwọ́ pa ojú tẹ̀rásò náà. Ó tutù, ó sì ń dán.

"Ṣé kò ku ibì kan tó o fẹ́ tún ha?"

"Ó ti parí, Bàbá."

Àwọn ọmọ dé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyábọ̀dé kúrú bí ìyá rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gé àlùbọ́sà, ńṣe ló gbé ìgúnpá méjèèjì sókè bí adìyẹ tó fẹ́ fò. Ó ní kí Rose, ọmọ rẹ̀ àgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, mú ife omi lórí káńtà. Ọmọ náà nawọ́ títí, ó ní, "Ban kai ba." Kò tó o.

Ìyábọ̀dé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Bàámi, ta lẹ fi wọn gíga rẹ̀?"

Bàbá tún gbé ọwọ́ sí ìbàdí ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò rí Màámi rí níbi tí wọ́n ti ń dáná ni? Orí àpótí ni wọ́n máa ń jókòó sí. Èmi náà á jókòó tì wọ́n."

"Ibi iṣẹ́ ni mo máa ń wà," ni Bàbá sọ jẹ́jẹ́.

Ó tún lọ pe Yàhàyá pé kó bá òun rẹ káńtà náà sílẹ̀. Yàhàyá ní tí wọ́n bá gbé tẹ̀rásò náà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sán. Ó wá fi sìmẹ́ǹtì mọ pèpéle kékeré kan síwájú rẹ̀, tí Ìyábọ̀dé yóò máa dúró lé. Ọ̀sẹ̀ tí pèpéle náà gbẹ ni iṣẹ́ ológun fún Ọláńrewájú ní ilé ní àdúgbò Brigade, ní Kano níbẹ̀.

"Kò jìnnà, Bàámi," ni Ìyábọ̀dé wí bó ṣe ń di ẹrù. "A ó máa wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn."

Wọ́n wá Sọ́ńdè mẹ́rin léraléra. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tó di ọdún 1984, wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Port Harcourt.

Àárọ̀ ni Bàbá máa ń nu káńtà náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwo kan péré ló ń gbé lé e. Oúnjẹ òyìnbó ló mọ̀ ọ́n sè, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Lọ́jọ́ kan ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí Ìyábọ̀dé pé kó ṣàlàyé fún òun bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń se ìkọ́kọrẹ́.

Èsì pẹ́ kó tó dé. Bàbá ra ewùrà lọ́jà, ó rin ín lórí tẹ̀rásò náà, ó tò ó sínú ọbẹ̀ bí lẹ́tà náà ṣe wí. Àkọ́kọ́ ṣàn jù. Èkejì dì, àmọ́ kò dà bíi ti Matilda. Ó bu díẹ̀ sínú abọ́, ó gbé e lọ fún Bushrat ní yàrá iwájú.

Bushrat tọ́ ọ wò. "Ó dára, Bàbá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí edé pọ̀ sí i."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ìyábọ̀ máa ń ṣe é?"

"Mi ò lè sọ, Bàbá. Wọn ò fún mi jẹ rí."

Bàbá dúpẹ́, ó padà sẹ́yìn ilé, ó sì lọ bu tirẹ̀.