Ẹsẹ̀ tí Kò Mọ̀ pé Iná Ń Jó Òun

"Yéè! Ó jó mi! Ó jó mi o!"

Àwọn ìyàwó ilé bẹ́ jáde nínú kòtò ẹyìn lẹ́ẹ̀kan náà bí eéṣú. Ọ̀kan nínú wọn kó ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú àmù omi mímu. Èmi tí mo ti ká ṣòkòtò sókè láti wọlé tẹ̀lé wọn, ọmọ ìka kan péré ni mo fi kàn án. Mo fò débi pé, bí kì í bá ṣe ẹ̀ka igi ọsàn tó gbá mi mú, Nàìjíríà ni ǹ bá balẹ̀ sí. Ìyá àgbà nìkan ló ṣì dúró láàárín kòtò, ooru ń rú bò ó dé orúnkún. Ó ń tẹ ẹyìn, ó ń kọrin, ó ń wò wá bí ẹni ń wo wèrè.

"Kí ló ṣe yín? Ẹyìn tó ti tutù bí omi odò yìí?"

Ẹni tó wà nínú àmù kò tíì yọ ẹsẹ̀.

Létí Okpomẹta ni abúlé wa wà. Ìgbà Révolúsíọ̀n, ìyẹn ìjọba ológun, ni, tí rédíò ń pe gbogbo ayé ní kàmáráàdì, tó fi jẹ́ pé òbúkọ wa náà ti ń dáhùn sí i. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni olórí ẹkù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo pupa. Kòtò kan ni, tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ tó ń dán. Bí ẹyìn bá jinná, wọ́n á dà á síbẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi bọ́ kúrò lórí ekùrọ́. Bàtà kò gbọdọ̀ wọ ẹkù. Àgbà ló sì ń kọ́kọ́ wọlé láti mọ̀ bóyá ẹyìn ti tutù. Bó bá ti ní "Ó tó," àwọn yòókù á bọ́ sí i. Ìwọ̀sí ni kí ẹnikẹ́ni tún fi ọwọ́ dán an wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn ni mo fi ń yangàn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ abúlé Kpankou pé àkekèé ta á, àkekèé ló kú. Pé paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ, eyín rẹ̀ kán, ọbẹ̀ nìkan ló ń mu látìgbà náà. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irọ́: ó rìn láti oko dé ilé pẹ̀lú ẹ̀gún ọ̀pẹ nínú àtẹ́lẹsẹ̀. Èmi ni mo rí i, èmi ni mo fà á yọ. Ẹ̀rín ló rín.

"Ọkọ mi, ẹsẹ̀ àgbà kì í gbọ́ ti ẹ̀gún."

Gbogbo wa rò pé agbára ni.

Lọ́jọ́ ẹyìn gbígbóná yẹn, àbúrò bàbá mi obìnrin fà á jáde, ó da omi sí i lẹ́sẹ̀. A rò pé epo ni omi yóò fọ̀ kúrò. Awọ ló bá a lọ, bí èèpo iṣu sísè. Egbò kan tó ti pẹ́ sì yọjú láàárín ìka rẹ̀, ó ń rùn. Pupa epo ni kò jẹ́ ká rí pupa ẹ̀jẹ̀ látọjọ́ yìí wá.

Ìyá àgbà wo ilẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

Alùpùpù ni bàbá mi fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Kétu, èmi há sáàárín wọn. Dókítà ní kó dijú. Ó mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ìyá, bí mo bá ti kàn yín, ẹ sọ fún mi."

Ìyá àgbà dijú, ó ń retí. Dókítà ń gún un.

"Ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni, ọmọ mi?"

Bàbá mi kọjú sí ògiri.

"Àtọ̀gbẹ ni," dókítà wí. "Ó ti pa ẹsẹ̀ yín kú, kò mọ ìrora mọ́. Ìrora sì ni ajá tó ń ṣọ́ ilé. Ajá yín ti kú, Ìyá. Ojú ni kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́ ẹsẹ̀ yìí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, ẹ máa nu àárín ìka gbẹ. Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ mọ́, nínú ilé pàápàá."

"Kí n wọ bàtà nínú àgbàlá ara mi? Àlejò ni mí? Ẹkù ńkọ́?"

"Ẹ mú ọ̀kan, Ìyá. Ẹkù tàbí ẹsẹ̀."

Wọ́n gé ìka méjì, ẹsẹ̀ kù. Ó padà sílé pẹ̀lú bàtà, ó jókòó sí etí kòtò, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ dán ẹyìn wò kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Láràárọ̀, lórí ẹní, pẹ̀lú òórùn ọṣẹ dúdú, èmi ni mò ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

"Kí lo rí?"

"Mo rí Kùtọnu, Ìyá àgbà, àti ọkọ̀ ojú omi."

"Òpùrọ́. Wò ó dáadáa."

Màá wò ó dáadáa.

Àrùn náà ti wọ ara tèmi báyìí tí èmi náà ti dàgbà. Ohun tó ń dun ènìyàn kì í bà mí lẹ́rù mọ́. Èyí tí kò dunni ni mò ń sá fún. Lánàá, mo wá kọ́kọ́rọ́ yàrá mi títí, mo bú gbogbo ilé, mo rìn dé ọjà, mo padà. Bí mo ṣe bọ́ bàtà, kọ́kọ́rọ́ jábọ́. Mo yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè: eyín kọ́kọ́rọ́ ti tẹ ibẹ̀ wọnú.

Ọmọ-ọmọ mi lanu sílẹ̀. "Bàbá, kò dùn yín?"

Mi ò rí irọ́ kankan pa fún un.