Ìyá Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní nǹkan bí ọdún 2008, mò ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní òkè ṣọ́ọ̀bù kan ní Ikosi. Ẹyọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló lágbára nínú gbogbo èyí tá a ní. Inú rẹ̀ ni mo ti dá kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tí wọ́n ń pè ní virtual machine, mo sì fi ìyẹn ṣe ẹ̀dà mẹ́fà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni mò ń pè ní ìyá, àwọn ẹ̀dà ni mò ń pè ní ọmọ; ìyá tóbi gan-an lórí díìsìkì, àwọn ọmọ ò tó nǹkan. Mo rò pé mo gbọ́n ni. Mi ò tilẹ̀ ka ohun tí mo ń tẹ "yes" sí.

Obìnrin kan wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tó ń ta àlùbọ́sà lọ́jà Mile 12. Tó bá kírun Alaasari tán ló máa ń wá. Ó fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí wa wáṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ogudu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ ìdánwò rẹ̀ sínú ẹ̀dà tirẹ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni olùyẹ̀wò ń bọ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ẹ̀rọ ní àyè ti tán lórí díìsìkì. Mo wò ó, ìyá ló gba àyè jù. Nígbà tí ọmọ mẹ́fà wà nílẹ̀, kí la tún ń fi ìyá ṣe? Mo pa á rẹ́ pátápátá. Àyè ṣí sílẹ̀ gbayawu, èmi náà ń súfèé.

Nígbà tí obìnrin alálùbọ́sà yẹn kírun tán tó dé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó pè mí: "Uncle, tèmi ò ṣí o."

"Ẹ tún un tẹ̀, Mummy."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní òun ń wá fáìlì kan, òun ò rí i. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò ṣí. Ọ̀rọ̀ wá di iṣu-ata-yán-an-yàn-an. Mo tẹ èyí, mo tẹ tọ̀hún, kó tó yé mi díẹ̀ pé ẹ̀dà tí mo ṣe kì í ṣe odindi: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kún un nìkan ló wà níbẹ̀, ìyókù ń bẹ lára ìyá. Ó yé mi, kò sì yé mi. Báwo ni iṣẹ́ obìnrin yìí ṣe máa wà níwájú mi, tí kò sì ní sí?

Ojú tì mí gan-an. Mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo bà á jẹ́. Kò pariwo. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó ṣí ojú ewé tuntun.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ mi dà lọ́la, mo fẹ́ lè explain ẹ̀ fún wọn."

Ó di bírò mú, ó ń wojú mi. Mo fa àga jókòó tì í, mo ní kó kọ́kọ́ ya àpótí ńlá kan sójú ewé náà, kó kọ "ìyá" sínú rẹ̀.