Ìlú Alfa Yàkúbù, Tí Àwọn Ará Ibẹ̀ Kó Ẹrù Lọ

Alfa Yàkúbù kì í ṣe ọba, ṣùgbọ́n ó ní ìlú. Inú kọ̀ǹpútà ni ìlú náà wà, nínú yàrá kan ní Cow Lane, ní Accra. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi kọ́ ọ, láàárín ìrun Alásárì àti Mọ̀gàríbì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ kéwú bá ti lọ. Bí àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá bi í pé kí ló tẹjú mọ́ báyìí, á ní ìwé ni òun ń kà. Kò parọ́. Lẹ́tà bíi mẹ́fà wà lókè ojú kọ̀ǹpútà náà.

Eré orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni. Wọ́n á fún ọ ní ilẹ̀ òfìfo, ìwọ á kọ́lé, wàá la títì, àwọn ènìyàn kéékèèké á sì ru ẹrù wọn wá máa gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ni Alfa kọ́: ilé mẹ́jọ-mẹ́jọ yí àgbàlá ká, gbogbo wọn kọjú síra, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló já sí títì. Ó kọ́ wọn bí ó ṣe rántí agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Ìnísà, níbi tí lọ́rì já ìdílé wọn sí lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó padà sí Accra, ó ní òun kàn wá kí àwọn ará ibẹ̀ ni. Ó ṣì ń kí wọn.

Lọ́dún 2017, kọ̀ǹpútà náà gbóná, ó rùn bíi kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, tó jóná, ó sì kú. Rùkáyátù, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adabraka, tú u, ó sì yọ ìlú náà jáde.

"Ìlú yín ò kú, Bàbá. Ilé tó ń gbé ló kú."

Ṣùgbọ́n eré àtijọ́ yẹn kò gba inú kọ̀ǹpútà tuntun, àwọn tó ṣe é sì ti kógbá wọlé. Rùkáyátù ní kò burú. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n tún eré náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí inú iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè wò ó, kó sì tún un ṣe.

"Ta ló ń sanwó fún wọn?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ṣé Mùsùlùmí ni wọ́n?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣí i ná."

Wọ́n ṣí i. Ìlú yọ, ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irinwó ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ìgbà tó yá, ìdílé kan jáde nínú agbo ilé àkọ́kọ́, wọ́n gbẹ́rù karí, wọ́n gba títì lọ. Òmíràn tẹ̀ lé wọn. Kí Rùkáyátù tó wádìí ọ̀rọ̀ tán, ó ku ogójì.

Àṣìṣe kan ló wà nínú eré àtijọ́: bí ilé kan bá ti fara kan èyí tó wà létí títì, eré á gbà pé òun náà ní títì. Àwọn tó tún un kọ ti mú àṣìṣe náà kúrò. Ilé tí kò bá ní títì tirẹ̀ báyìí, àwọn ará ibẹ̀ á kó lọ.

"Wọ́n tún un ṣe ni, Bàbá."

"Ta ló bẹ̀ wọ́n? Agbo ilé wá di àṣìṣe?"

Ẹ̀rín ti fẹ́ pa Rùkáyátù, àfi bó ṣe wojú Alfa. Obìnrin kékeré kan ni bàbá náà ń wò lójú kọ̀ǹpútà, tó gbé ẹní lé orí ìkòkò. Alfa ti rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí, lọ́dún 1969. Rùkáyátù gbé ẹ̀rín mì.

"Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí wọn."

Alfa ń sọ, Rùkáyátù ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó kí wọn, ó kí ìyàwó wọn, ó kí ọmọ wọn. Nígbà tó gbọ́ pé òtútù ń mú níbi tí púpọ̀ nínú wọn wà, ó tún bẹ̀rẹ̀: ẹ kú òtútù. Lẹ́yìn náà ló wá ní: "Nílé tiwa, ẹni tó bá ní òun fẹ́ títì tòun lọ́tọ̀, a máa ń bi í pé ta ló bá jà. Ẹ dákun, ẹ dá àṣìṣe yẹn padà."

"Bàbá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ojú òpó wọn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó kí wọn rí."

"Abájọ tí wọn ò mọ agbo ilé."

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá. Alfa kò ṣí ìlú náà wò. Ẹnì kan fèsì pé àṣìṣe ni àṣìṣe ń jẹ́. Òmíràn ní kí bàbá náà ya àwòrán agbo ilé kan fún àwọn. Alfa fi bírò yà á sẹ́yìn ìwé àkókò ààwẹ̀, Rùkáyátù fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Níkẹyìn, wọ́n fi ibì kan kún eré náà tí èèyàn ti lè yàn: agbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lábẹ́ ìwé wọn, wọ́n kọ ọ́ pé: ẹ kú ooru Accra.

Rùkáyátù ní ẹ̀dà ìlú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, kí àwọn kàn ṣí i. Alfa kọ̀. Ó ní àwọn tó lọ gbọ́dọ̀ padà wọlé lójú òun. Ó yan bẹ́ẹ̀ ni, ó jókòó tì í. Wọ́n ń bọ̀ lójú títì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrù lórí, Alfa ń kà wọ́n lórí tẹ̀súbáà. Nígbà tó yá, ojú títì dá.

"Rùká."

"Bàbá."

"Ẹnì kan kù."

"Ẹ̀, Bàbá! Ọ̀kàndínnírinwó ti wà nílé! Ẹ ò lè fi ẹyọ kan jì wọ́n?"

"Gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá, kọ̀wé sí wọn." Alfa kò gbójú kúrò lójú títì. "Kọ́kọ́ kí wọn."